Ìkòkò Tó Jó Nílé Ìyá Ẹ̀gẹ́

Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn kí n tó fìdí kalẹ̀: bí àgbàlagbà bá ń bu oúnjẹ fún yín, tí ikùn yín ti kún dé ọ̀fun, tí kò sì dẹ́kun bíbù, kí lẹ máa sọ?

— A máa ní ẹ ṣé, Ìyá Àgbà.

Ẹ ṣé? Bó bá tún bu òmíràn lé e ńkọ́?

— A máa ní ẹ ṣeun, Ìyá Àgbà!

Háà! Ẹ ṣé, ẹ ṣeun, títí ikùn á fi bẹ́! Akínlàjà, ìwọ tí o ti ń di ikùn mú láti ìrọ̀lẹ́ nítorí àgbàdo sísun márùn-ún tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní ojúlé kejì, ṣé ẹ ṣeun yẹn kò tíì pa ọ́? Ẹ̀kọ́ ilé ni mo kọ́ yín, n kò kọ́ yín ní ìwà òmùgọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í sọ lójú ọ̀sán, mo máa fi àlọ́ sọ ọ́ báyìí. Ẹ sún mọ́ ibí. Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ṣé ẹnu yín nìyẹn, àbí ti ẹ̀fọn? Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀ọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, kò yà sí ààfin, kò yà sí ọjà, orí ebè ẹ̀gẹ́ ló balẹ̀ sí.

— Kó balẹ̀ ká rí i!

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ewé ṣì ń fọhùn, ìyá kan wà tí ń jẹ́ Ìyá Ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí yìí náà ni. Ọmọ méje ló bí. Abẹ́ ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbé. Wọn kì í jáde, wọn kì í ríran, ẹnu nìkan ni wọ́n ní. Láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀: "Ìyá, ebi! Ìyá, ebi! Ìyá, ebi!"

— Bíi ti Dúródọlá!

Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn sílẹ̀.

Èyí tó kéré jù nínú wọn ń jẹ́ Tín-ín-rín. Kò tíì tó ìka mi yìí. Òjò sì ti ń kásẹ̀ ńlẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé bá ọmọ abẹ́ ilẹ̀ tí kò tíì sanra, ilẹ̀ á gbẹ, á le, á fún un pa síbẹ̀. Ìyá Ẹ̀gẹ́ mọ èyí. Ohun tí kò jẹ́ kó fi ojú ba oorun nìyẹn: kí Tín-ín-rín yó kí ọyẹ́ tó dé.

Òkè, nínú ewé, ni ilé ìdáná rẹ̀ wà. Àwọn ìyàwó ilé ló ń se oúnjẹ níbẹ̀, gbogbo wọn ń wọ aṣọ àwọ̀ ewé. Wọn kì í ṣẹ́gi, wọn kì í ra èédú. Oòrùn ló ń da iná fún wọn láti òkè, wọ́n á nawọ́ gbà á. Gbòǹgbò á pọn omi gòkè wá. Atẹ́gùn á gba fèrèsé kéékèèké abẹ́ ewé wọlé, á gbé èlò tirẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n á da omi yẹn pọ̀ mọ́ èlò Atẹ́gùn, wọ́n á fi iná Oòrùn sè é, á di oúnjẹ dídùn. Wọ́n á gbé e gba inú igi sọ̀kalẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Ó dára bẹ́ẹ̀?

— Ó dára!

Kò dára! Ẹ kì í jẹ́ kí ènìyàn parí ọ̀rọ̀. Òwúrọ̀ ló dára. Ní òwúrọ̀, Oòrùn á máa da iná díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sán bá pọ́n, Oòrùn kò mọ òṣùwọ̀n mọ́. Á kàn dà á sílẹ̀, gbuu! Ìkòkò mẹ́ta ló wà lórí àdògán, iná ìkòkò mẹ́wàá ló dà. Morádékẹ́, ìwọ tí o ti ń dáná, bí wọ́n bá kó iná ìkòkò mẹ́wàá sábẹ́ ìkòkò mẹ́ta, ṣé ọbẹ̀ á yára jinná ni?

— Á jó ni, Ìyá Àgbà.

Ó jó o. O ṣeun, ọmọ mi. Ó ku àwọn yòókù.

Ẹni tí kì í jẹ́ kó jó ni Apọ́nbépo. Àbúrò Ìyá Ẹ̀gẹ́ ni, ọmọ osú, ó ti kọ ọkọ, ó padà wá gbé nílé bàbá rẹ̀. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè. Àwọn ìyàwó ló sọ ọ́ ní Apọ́nbépo, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ.

Ní òwúrọ̀, Apọ́nbépo á wọ aṣọ kan, á jókòó sí kọ̀rọ̀. Àwọn ìyàwó á máa yínmú sí i.

"Ọmọ ilé wa, ẹ kú ìjókòó o."

"Ẹ má dìde o, kí ẹsẹ̀ má baà dùn yín."

Apọ́nbépo á máa wo Oòrùn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sán bá pọ́n, tí iná bá ti ju ti ìkòkò lọ, á fò dìde, á bọ́ aṣọ àárọ̀ sọ nù, á ró aṣọ ọ̀sán, á na ọwọ́ sókè, á kígbe pé: "Ó tó gẹ́ẹ́!"

Kí ló wí?

— Ó tó gẹ́ẹ́!

Bó bá ti wí bẹ́ẹ̀, àwọn ìyàwó á sá kúrò láàárín ilé, wọ́n á fara ti ògiri, kí iná má baà bá wọn lójúkojú. Ewé á sọ apá rẹ̀ sílẹ̀, á sorí kodò bí agboòrùn tí wọ́n pa dé. Apọ́nbépo á wá gbá gbogbo iná tó ṣẹ́kù jọ, á dà á síta: fúú! Ooru lásán. Ẹ fọwọ́ kan ara ewé lọ́sàn-án, ẹ ó gbọ́ ọ.

Òun nìkan ló ń ṣe é. Lójoojúmọ́. Ta ló dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

— Kò sí!

Kò sí. Ta ló ń dúpẹ́ nítorí ilé tí kò jó?

Alángbá wá ń bẹ níbẹ̀. Orí òkúta ìdí ẹ̀gẹ́ ló ń gbé. Ẹ mọ Alángbá, oòrùn kì í pọ̀ jù fún un. Bí òkúta bá gbóná bí ẹ̀yinná, á tún na ikùn lé e. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó nà gbalaja, ó ń mi orí, ó ń mi orí, ó ní:

"Ìyá Ẹ̀gẹ́, ẹ kú ìnáwó o."

"Ìnáwó wo, Alángbá? Kí ni mo ń ṣe?"

"Kì í ṣe owó lẹ ń ná, iná lẹ ń ná. Àwọn ọmọ yín ń ké ebi nísàlẹ̀, ẹnì kan ń da iná nù lókè. Ẹ nawọ́ sí fèrèsé yín, ẹ wò ó."

Ìyá Ẹ̀gẹ́ nawọ́. Ooru gbá a lọ́wọ́ gbì.

"Kò mà tán síbẹ̀ o," ni Alángbá wí. "Ẹ gbójú sókè."

Ìkùukùu ti bo Oòrùn. Ilẹ̀ ti tutù. Iná tó ń wọlé kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Apọ́nbépo ṣì ró aṣọ ọ̀sán, ó sì tún ń da ẹ̀kúnwọ́ kan náà síta: fúú, fúú.

Ìyá Ẹ̀gẹ́ kígbe. "Ìwọ! Iná ti tán nílẹ̀, o tún ń dà á nù?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe sùúrù," ni Apọ́nbépo wí. "Aṣọ yìí kì í yá bọ́. Ó yá wọ̀ ju bó ti yá bọ́ lọ. Tí mo bá sì sáré bọ́ ọ, tí Oòrùn tún yọjú gùlẹ̀, kí la ó ṣe?"

"Títí wo lo máa fi bọ́ ọ? Títí ọmọ mi yóò fi kú?"

Ẹ gbọ́, n kò ní í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bi díẹ̀ wà lọ́rùn Apọ́nbépo níbẹ̀. Ó lọ́ra. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá lọ́ra, ẹ sọ fún un kó yára. Ṣé ẹ ó lé e ni?

— Rárá!

Ìyá Ẹ̀gẹ́ lé e.

— Háà!

Ẹ pa háà yẹn mọ́, ó ku èyí tó burú jù. Ó lé e tán, ó dúró láàárín ilé ìdáná, ó nàka, ó ní: "Láti òní lọ, n kò fẹ́ gbọ́ 'ó tó' nílé yìí mọ́. Àgbà ló ń fúnni ní nǹkan. Ọmọlúàbí a máa fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, a sì máa ní ẹ ṣé. Èèwọ̀ ni kí á wo ojú olóore kí á ní ó tó. Ẹni tó bá tún sọ ọ́, kó di ẹrù rẹ̀, kó bá Apọ́nbépo lọ!"

Àwọn ìyàwó wólẹ̀, wọ́n ní, "A ti gbọ́ o, Ìyá."

Apọ́nbépo ká aṣọ rẹ̀ méjèèjì, ó lọ jókòó sábẹ́ ewé gbígbẹ létí oko. Alángbá mi orí, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó rí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Àárọ̀ lọ dáadáa. Ìyá Ẹ̀gẹ́ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀sán wá pọ́n.

Gbuu! ni Oòrùn da iná. Àwọn ìyàwó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á: "Ẹ ṣé o, Bàbá!"

Oòrùn ní, "Àh, wọ́n mọ oore." Ó dà á sí i. Gbuu!

"Ẹ ṣeun o, Bàbá!"

Gbuu! Gbuu! "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun!" Gbòǹgbò ń sáré pọnmi, èémí ń já a. Omi kò tó mọ́. Ewé rí i pé omi fẹ́ gbẹ pátápátá, ó ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa, kí èyí tó kù má baà fẹ́ lọ. Bí fèrèsé ti tì, Atẹ́gùn kò rọ́nà wọlé mọ́, ìta ló wà pẹ̀lú èlò lọ́wọ́. Iná ń bọ̀, omi kò tó, èlò kò sí. Kí ló kù tí iná máa jẹ?

— Ìkòkò!

Ìkòkò ni! Ìkòkò kìíní fọ́: páù! Ìkejì fọ́: páù! Iná ràn mọ́ àwọn ìyàwó láṣọ. Àwọ̀ ewé ara aṣọ wọn ṣí, ó di ràndánràndán, ó funfun bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn lọ́dún kan. Wọ́n ń jó, wọ́n ń ní ẹ ṣé. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń ní ẹ ṣeun.

— Kí ló dé tí wọn ò sọ pé ó tó, Ìyá Àgbà?

Dúródọlá, ibo ni etí rẹ wà? Èèwọ̀ ti dé! Wọ́n ní ẹni tó bá sọ ọ́ kó di ẹrù! Ibo ni ìyàwó ilé fẹ́ gbé ẹrù lọ?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, oúnjẹ kankan kò sọ̀kalẹ̀. Àwọn ìyàwó mọ ìkòkò tuntun títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọ̀sán tún fọ́ ọ. Wọ́n tún mọ ọ́n. Ọ̀sán tún fọ́ ọ. Ní ọjọ́ kẹrin, ìkòkò tó ń fọ́ ti ju èyí tí wọ́n lè mọ lọ. Ewé kan já, ó bọ́ sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Òmíràn já.

Nísàlẹ̀, àwọn ọmọ kò ké "Ìyá, ebi" mọ́. Bí ọmọ bá ń ké ebi, ẹ máa bínú sí i. Bí ó bá dákẹ́, ẹ bẹ̀rù.

Ìyá Ẹ̀gẹ́ ránṣẹ́ sí Apọ́nbépo pé kó jọ̀wọ́ kó padà wá. Apọ́nbépo ní: "Mo ti ń rí èéfín láti ibi tí mo wà. Ṣùgbọ́n mo ti kó ẹrù jáde lẹ́ẹ̀kan ní ilé ọkọ, mo tún kó o ní ilé bàbá mi. N kò ní í kó o lẹ́ẹ̀kẹta. Kí ẹni tó jó ìkòkò yẹn fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ara rẹ̀. Bí mo bá gbọ́ orúkọ náà, n kò ní í jókòó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti kéré tó! Orúkọ kan ṣoṣo! Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi í ṣe.

Ìyá Ẹ̀gẹ́ pe gbogbo ilé jọ. Ó gbé àpótí, ó jókòó sáàárín, ó ní kí wọ́n wá ọ̀daràn náà jáde. Òun gan-an ló ń lé orin. Ẹ máa gbè é, "jáńjálá" ni tiyín:

Ìkòkò jó o, ta ló jó o?
— Jáńjálá!
Ọmọ ń kú lọ, ta ló jó o?
— Jáńjálá!
Oòrùn òkè, ṣé ìwọ ni?
— Jáńjálá!

Oòrùn ní, "Èmi kẹ̀? Iṣẹ́ mi ni kí n ràn. Mo ràn sórí àpáta, àpáta kò jó. Mo dà á fún wọn, wọ́n ní ẹ ṣé. Mo fi kún un, wọ́n ní ẹ ṣeun. Ta ló sọ fún mi pé kí n rọra? Ẹ lọ bi Gbòǹgbò tí kò pọnmi."

Gbòǹgbò, Gbòǹgbò, ṣé ìwọ ni?
— Jáńjálá!

Gbòǹgbò fò sókè. "Èmi tí ẹ̀yìn mi fẹ́ kán! Èmi tí n kò tíì jókòó láti ọjọ́ mẹ́rin! Atẹ́gùn ni kí ẹ bi. Òun ni kò gbé èlò wá."

Atẹ́gùn ní, "Ṣé ara ilẹ̀kùn ni kí n gbà wọlé? Wọ́n ti fèrèsé mọ́ mi lójú. Ẹ bi àwọn tó ń dáná."

Àwọn ìyàwó dúró pẹ̀lú aṣọ funfun ràndánràndán lára. Àgbà inú wọn ní, "Wọ́n ní kí a máa ní ẹ ṣé, a ní ẹ ṣé. A ò mọ ohun mìíràn. Ẹ bi Alángbá ẹlẹ́nu ṣóńṣó."

Alángbá mi orí lẹ́ẹ̀mẹta. "Èmi? Ohun tí mo rí ni mo sọ. Àlejò ni mí. Ṣé àlejò ló ń lé ọmọ ilé?"

Ó tún ku ta ni? Wọ́n tún padà sọ́dọ̀ Oòrùn! Oòrùn ní Gbòǹgbò, Gbòǹgbò ní Atẹ́gùn, Atẹ́gùn ní àwọn ìyàwó. Ilẹ̀ ń ṣú, ọmọ ń kú, wọ́n ń yí po bí adìẹ tí wọ́n so mọ́ èèkàn!

— Alángbá ni, Ìyá Àgbà!

— Irọ́ ni, Oòrùn ni!

— Apọ́nbépo ni, ó lọ́ra!

Ẹ wò ó, ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀! Ta ló bí yín sílé mi? Alángbá ní ẹnu, ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ tirẹ̀? Oòrùn kò mọ òṣùwọ̀n, ìgbà wo ló ti mọ̀ ọ́n rí? Gbogbo wọn ló mọ ẹni náà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ wo ojú rẹ̀, wọ́n á wo ilẹ̀.

Bí wọ́n ti ń pariwo lọ, Gbòǹgbò dẹtí sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ dákẹ́ ná. N kò gbọ́ èémí Tín-ín-rín mọ́."



Ìyá Ẹ̀gẹ́ kúnlẹ̀, ó fi ẹnu kan ilẹ̀. "Tín-ín-rín!"

Kẹ́kẹ́.

"Tín-ín-rín ọmọ mi! Ebi ń pa ọ́ bí?"

Ohùn kan wá láti abẹ́ ilẹ̀, kò ju ti èèrà lọ. Ọmọ náà kò ní ebi ń pa òun. Kò ní òun fẹ́ oúnjẹ. Ó ní, "Ìyá... ẹ ṣé."

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kí n nu ojú mi. Èéfín ni.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ báyìí, nítorí mo mọ̀ yín, bí mo bá dárúkọ ẹni náà tán, sísá lẹ máa sá lọ sórí ẹní. Oore tó bá ju agbára ẹni lọ, ìjàm̀bá ni. Ẹnu tó mọ ẹ ṣé sọ, kó mọ ó tó sọ. Ẹni tó ń da àṣejù síta nílé yín, ẹ má pè é ní onínàákúnàá. Òun ló ń ṣọ́ ìkòkò. Bí ẹ bá dé oko lọ́sàn-án, tí ẹ rí ewé ẹ̀gẹ́ tó sorí kodò, ẹ má ní ọ̀lẹ ni. Apọ́nbépo wà lẹ́nu iṣẹ́.

Àlọ́ mi dé ìdí rèé. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí ahọ́n mi wọ́ nílẹ̀ bí okùn ewúrẹ́. Bí n kò bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí eyín mi tó kù má ṣe mì.

— Ìyá Àgbà, orúkọ ńkọ́?

Mo ti mọ̀ pé ẹ ó bèèrè. Ìyá Ẹ̀gẹ́ dìde lórí eékún, erùpẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti àpótí tó jókòó lé dànù. Ó kọjú sí etí oko. Kó tó la ẹnu, Apọ́nbépo ti ń ró aṣọ ọ̀sán rẹ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sọ́nà. Ìyá Ẹ̀gẹ́ ní:

"Èmi ni. Kì í ṣe Oòrùn, kì í ṣe Alángbá. Èmi Ìyá Ẹ̀gẹ́ ni mo jó ìkòkò mi."